Nígbà tí Ojú Ọ̀tún Bá Rí I Tóbi Ju Ti Òsì Lọ

  

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá bá ẹ̀yin ará ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin sọ̀rọ̀ nípa ojú, mo rò ó pé kò yẹ kí n wá tún ohun tí ẹ ti gbọ́ tán lórí rédíò sọ. Ẹ ti mọ̀ pé kò yẹ kí èèyàn máa ro omi tó bá ṣáà ti rí sójú. Ẹ ti mọ̀ pé ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún yẹ kó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ohun tí mo gbé wá kò wọ́pọ̀ lẹ́nu èèyàn, kódà nínú ilé ìwòsàn. Òun ni pé ojú méjèèjì ẹnì kan lè máa wo nǹkan kan náà, kí ọ̀kan rí i tóbi, kí èkejì rí i kéré. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe é wọ̀n. Àmọ́ ẹni tó ni ojú ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe rí, torí kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a rí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ọmọlójú wọlé, àwòrán ohun tí à ń wò á sì bọ́ sára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn nínú ẹyinjú. Ojú ọ̀tún ní àwòrán tirẹ̀, ojú òsì ní tirẹ̀, ọpọlọ ló ń pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Níwọ̀n ìgbà tí ojú kan kò sí níbi tí èkejì wà, àwòrán méjèèjì kì í bára mu tán. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn gan-an ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé nǹkan kan wà nítòsí, òmíràn sì jìnnà. Òun ni alápatà fi ń mọ ibi tí àáké yóò bà sí lórí egungun tí kò fi ní ba ìka ọwọ́ òsì tó fi di ẹran mú. Òun ni ìyá tó ń ta òróró fi ń da òróró sẹ́nu ìgò tí kò fi ní dà sílẹ̀. Bí àwòrán ojú kan bá wá tóbi ju ti èkejì lọ, ọpọlọ kò ní mọ̀ pé ojú ló fà á. Yóò gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ẹ wo kọ́ńgò méjì tí a fi ń wọn gàárì. Ọ̀kan fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ, àmọ́ ẹni tó ń fi kálukú wọn tà máa ń wọ̀n ọ́n kún dẹ́nu, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá ń rà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kò ní mọ nǹkan kan. Ìjà dé lọ́jọ́ tí èèyàn bá ra mẹ́wàá níhìn-ín, tó ra mẹ́wàá lọ́hùn-ún, tó wá ní kí wọ́n bára dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú. Bí dókítà bá ní kí ẹ fọwọ́ bo ojú òsì, ojú ọ̀tún á ka lẹ́tà dé ìsàlẹ̀ pátákó. Bí ẹ bá bo ọ̀tún, òsì náà á kà á tán. Wọn á ní ojú yín dá ṣáká, orí yín á sì máa fọ́ bọ̀ láti ibẹ̀ dé ilé.

Kí ló ń fà á? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé nọ́ńbà jígí ojú méjèèjì jìnnà síra. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ata, tí jígí ojú ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ +1, tí ti òsì jẹ́ +5. Tí lẹ́ńsì bá fi mílímítà 12 jìnnà sí ojú, ti +1 yóò mú kí nǹkan fi nǹkan bí 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Ti +5 yóò mú un fi 6.4 tóbi sí i. Bí a bá fi èkíní wé èkejì, ìyàtọ̀ náà tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Abọ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 lójú ọ̀tún á fẹ̀ ní 21 lójú òsì. Ẹ lè ní sẹ̀ǹtímítà kan kò tó nǹkan. Ó tó nǹkan fún ọpọlọ. Ìyàtọ̀ tí kò pé 1 nínú ọgọ́rùn-ún kì í da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Láàárín 1 sí 3, àwọn kan á ti máa ráhùn. Bó bá ti kọjá 5, ojú méjèèjì kì í sábà lè ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́.

Ẹni tí nǹkan yìí ń ṣe kì í wá sọ pé ojú òun kan ń rí nǹkan tóbi. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé e wá bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé orí ń fọ́ àwọn, pé òòyì ń kọ́ àwọn, pé àwọn kò lè kàwé pẹ́, pé ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ nígbà tí àwọn wọ jígí tuntun, pé àwọn fẹ́ ẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Àwọn kan á ní bí àwọn bá di ojú kan, ara máa ń tu àwọn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló yẹ kó ta dókítà jí. Ṣùgbọ́n nínú ilé, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Jígí tí wọ́n fowó gidi rà á wọnú àpótí, kò sì ní jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òde òní. Àwọn Alfa tó wà níbí á mọ orúkọ Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tó gbé ní Cairo ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tó kọ Kitāb al-Manāẓir. Òun ló fi àlàyé tó yè kooro hàn pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara nǹkan wá sínú ojú, pé kì í ṣe ojú ló ń ta ìtànṣán jáde. Ó tún sọ pé kì í ṣe bí àwòrán ṣe gbòòrò tó nínú ojú nìkan la fi ń mọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ọkàn á tún gbé jíjìnnà rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó dájọ́. Ní 1864, Donders, dókítà ojú ará Nẹ́dálándì, kíyè sí i pé bí a bá fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò dọ́gba ní jígí tó tọ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan, àwòrán méjèèjì kì í tóbi bákan náà mọ́. Ní 1932, Walter Lancaster, ará Amẹ́ríkà, fún àìsàn náà ní orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é títí dòní, aniseikonia.

Ẹni tó sọ wíwọ̀n rẹ̀ di iṣẹ́ gidi kò bẹ̀rẹ̀ bíi dókítà rárá. Adelbert Ames ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, ó pa á tì, ó lọ ń ya àwòrán. Ó fẹ́ kí ohun tí òun ń yà jọ ohun tí ojú ń rí gan-an, ìyẹn ló sì gbé e dé ìdí ìwádìí ojú ní Dartmouth, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Níbẹ̀ ni òun pẹ̀lú Gordon Gliddon àti Kenneth Ogle ti ṣe àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìyàtọ̀ yìí.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, yàrá ewé ló wù mí jù. Wọ́n fi ewé bo ara ògiri yàrá kan láti òkè délẹ̀, kò sí ìlà tó tọ́ níbì kankan tí ojú lè dì mú. Wọ́n wá fi lẹ́ńsì tó ń mú nǹkan fẹ̀ sójú ọ̀tún èèyàn. Láìpẹ́, ògiri apá ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn, á sì tóbi sí i, ti òsì á máa sún mọ́ ọn, yàrá á wọ́. Bẹ́ẹ̀, bí ẹni náà bá wọ lẹ́ńsì kan náà jókòó sínú ọ́fíìsì, ó lè má rí nǹkan kan tó yàtọ̀, nítorí pé ọpọlọ mọ̀ pé ilẹ̀kùn a máa dúró ṣánṣán, pé igun tábìlì a máa tọ́. Á sì fi ìmọ̀ yẹn bo àṣìṣe ojú mọ́lẹ̀. Ibi tí kò bá sí ìlà ni àṣìṣe náà ti ń yọjú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wà láàárín ìsọ̀ Ìpàtà tí òpó àti páànù wọn tò lọ gbọnrangandan, ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bó bá dé oko tí ewé yí i ká, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí òkítì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ mọ́ ọn lójú. Bí ẹ bá gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ẹ má ṣe ní ó ń parọ́.

Láti inú irú àyẹ̀wò yìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní space eikonometer ti jáde. Okùn tó dúró ṣánṣán ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú okùn méjì tó dábùú ara wọn láàárín. Ẹni tí ojú rẹ̀ dọ́gba á rí i pé gbogbo wọn wà ní ipò wọn. Ẹni tí tirẹ̀ kò dọ́gba á ní apá kan sún síwájú, apá kan lọ sẹ́yìn. Wọ́n á máa yí lẹ́ńsì tó ń sọ nǹkan di ńlá láìba bó ṣe hàn kedere jẹ́ títí tí yóò fi ní, "Ó ti tọ́ báyìí." Iye tí lẹ́ńsì náà jẹ́ ni ìyàtọ̀ ojú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ American Optical gbé irú èyí tó ṣe é lò nínú ọ́fíìsì dókítà jáde ní 1951. Ogle ti kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí bí ojú méjì ṣe ń ríran pọ̀ jáde ní ọdún kan ṣáájú. Ẹ̀rọ náà péye, àmọ́ ó wọ́n, ó sì ń gba àkókò. Díẹ̀díẹ̀ ni ó pòórá nílé ìwòsàn, mo sì gbà pé ìyẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn dókítà gbàgbé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù lọ lónìí ti ọ̀dọ̀ Awaya, dókítà ojú ará Japan, wá. Ìwé ni, kò nílò iná mànàmáná. Ẹ óò wọ jígí tí ojú kan rẹ̀ pupa, tí èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ìlàjì òṣùpá méjì kọjú síra, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, àmì kékeré kan sì wà láàárín wọn tí ẹ óò máa tẹjú mọ́. Nítorí àwọ̀ jígí yẹn, ojú kọ̀ọ̀kan á rí ẹyọ ìlàjì kan péré. Ní ojú ìwé kan, àwọn ìlàjì náà dọ́gba ní tòótọ́. Ní òmíràn, ọ̀kan fi 1 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi. Ní òmíràn 2, títí lọ. Ẹ óò máa ṣí i títí ẹ óò fi dé ibi tí ẹ ti máa ní orí méjèèjì bára mu, ìdí méjèèjì bára mu. Bó bá jẹ́ pé ibi tí ọ̀kan ti fi 4 tóbi ju èkejì lọ ni wọ́n ti dọ́gba lójú yín, a jẹ́ pé 4 ni ìyàtọ̀ ojú yín. Wọ́n á tún yí ìwé náà sí ìbú kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n lọ́nà kejì, torí pé àwọn ojú kan wà tó jẹ́ pé gíga ni wọ́n fi yàtọ̀, fífẹ̀ wọn dọ́gba. Ìwádìí kan tó jáde ní 1992 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìwé yìí máa ń fi ìyàtọ̀ hàn kéré ju bó ṣe rí lọ. Gerard de Wit, ará Nẹ́dálándì, náà ti ṣe ètò kan tí a fi ń wọ̀n ọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Lójú tèmi, ìwé Awaya tó ń dín in díẹ̀ sàn ju kí a má wọ̀n ọ́n rárá lọ.

Ẹ lè fi ojú ara yín dán an wò níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ wo férémù ilẹ̀kùn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kó wà níwájú imú yín gbọnrangandan. Ẹ fọwọ́ bo ojú kan, ẹ tún bo èkejì, ẹ ṣe é léraléra. Férémù náà á fò síbìí, á fò sọ́hùn-ún. Ẹ má ka ìyẹn sí, ti gbogbo èèyàn ni. Gíga rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ má sì wo nǹkan tó wà nítòsí ní ẹ̀gbẹ́ kan, torí ohun tó bá wà lápá ọ̀tún sún mọ́ ojú ọ̀tún, ó gbọ́dọ̀ tóbi díẹ̀ lójú yẹn. Ojú tó dá ṣáká pàápàá á rí i bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí. Bó bá kéré, ọwọ́ lásán kò lè mú un.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣebí mo ṣírò rẹ̀ fún ìyá aláta lẹ́ẹ̀kan, kí la tún ń dààmú ẹni tó ni ojú sí? Ìṣirò yẹn mọ ohun tí lẹ́ńsì ṣe. Kò mọ bí ẹyinjú ṣe gùn tó. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Knapp, tó ní bó bá jẹ́ gígùn ẹyinjú ló fa ìyàtọ̀ nọ́ńbà, jígí ojú á mú kí àwòrán méjèèjì dọ́gba lára awọ inú. Lórí ìwé, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyinjú tó bá gùn jù máa ń na awọ inú rẹ̀, àwọn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀ á jìnnà síra, ọpọlọ á sì ka àwòrán kan náà sí kékeré. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1980 fi hàn pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tí òfin Knapp ní kí wọ́n wọ jígí, lẹ́ńsì tí a ń fi sórí ẹyinjú ló mú tiwọn sún mọ́ra jù. Àwọn kan tún wà tí nọ́ńbà wọn dọ́gba pátápátá, tó jẹ́ pé awọ inú ojú kan ló sún jọ lẹ́yìn àìsàn tàbí iṣẹ́ abẹ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà jígí tó lè rí tiwọn. Àfi ká bi wọ́n.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le bí wíwọ̀n rẹ̀. Lẹ́ńsì tí kò ní nọ́ńbà rárá, bó bá nípọn ní mílímítà 5, tí iwájú rẹ̀ sì yọ ní ìwọ̀n +10, á fi bíi 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún sọ nǹkan di ńlá. Ojú tó ń rí nǹkan kéré ni wọn yóò fi sí. Bí a bá sún lẹ́ńsì +5 láti mílímítà 14 sí 10, èyí tó ń fi 7.5 sọ di ńlá á wálẹ̀ sí nǹkan bí 5.3. Férémù tó bá sún mọ́ ojú, tí kì í yọ̀ wá sórí imú, ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ibi tó dùn mí dé egungun ni ti kátáráàtì, àìsàn tó ń mú kí lẹ́ńsì tó wà nínú ẹyinjú ṣú funfun. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, láàárín àwọn tó ti pé ẹni ogójì ọdún sókè, 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló fọ́jú, kátáráàtì ló sì fa nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà. Nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí rẹ̀, ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àwọn tó ń kiri ni wọ́n fi tì í. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í yọ lẹ́ńsì ojú kúrò. Ó kàn ń tì í ṣubú sínú ẹyinjú ni. Ẹlòmíràn á ríran lọ́jọ́ kejì, á sì san owó fún ẹni tó tì í. Àmọ́ kódà kí àrùn tó wọ̀ ọ́, ojú yẹn ti wà láìní lẹ́ńsì ní ipò rẹ̀. Bó bá wọ jígí bíi +10 tàbí +12 kó tó lè rí nǹkan, tí ojú kejì ṣì dára, ìyàtọ̀ ojú méjèèjì á tó 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọpọlọ kò lè pa ìyẹn pọ̀. Èèyàn méjì ló máa rí níbi tí ẹnì kan dúró sí, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Ọdún 1949 ni Harold Ridley ti kọ́kọ́ fi lẹ́ńsì àtọwọ́dá sínú ojú aláìsàn ní London. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà kì í sábà ju 1 tàbí 2 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ wá sí Ìpàtà, ẹ ní kó máa lọ.

Ti àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kan yàtọ̀ gidigidi kì í ráhùn. Ọpọlọ rẹ̀ á kàn pa ojú kan tì ni, bí wọn kò bá sì mọ̀ títí ọmọ fi kọjá ọdún méje tàbí mẹ́jọ, kí ojú yẹn padà bọ̀ sípò máa ń ṣòro. Ẹ bo ojú ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ wò ó bóyá á bínú nígbà tí ẹ bá bo ọ̀kan.

A kò ní láti lọ òkè òkun nítorí èyí. Ẹ̀ka ojú wà ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, Yunifásítì Ìlọrin sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú àti jígí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má dákẹ́ níwájú wọn. Mo mọ̀ pé a kọ́ wa pé kí á má ṣe da dókítà lẹ́nu. Ní ti èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á. Bí nọ́ńbà ojú yín méjèèjì bá fi ju 2 lọ yàtọ̀ síra, tàbí tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú kan, tàbí tí jígí tuntun bá ń kọ́ yín lóòyì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún un báyìí: "Dókítà, mo ń ka lẹ́tà, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ wo bóyá ojú mi méjèèjì ń rí nǹkan bákan náà ní títóbi." Kí ẹ sì mú jígí tó wà nínú àpótí yẹn dání lọ.